Àrà Ọ̀rọ̀ àti Ìjágbe: Ta Ni Ká Gbé Ife fún?

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ "ó le kú, ìjà Òrè" rí. Bí ìdánwò bá le, bí owó ọjà bá fò sókè, bí ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé bá fìjà pẹẹ́ta, gbólóhùn yẹn náà ni à ń kì mọ́lẹ̀. Ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá kò fara sin. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra kọjá odò Ọya, wọ́n gba Benin, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà Èkó. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ni ọ̀gá wọn. Òrè ni ìrìn náà ti dábùú. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti gba Benin padà, wọ́n sì ti yìnbọn pa Banjo ní Enugu; ọwọ́ àwọn tí ó ń bá jagun gan-an ni ó kú sí. Ìbọn dákẹ́, gbólóhùn kù. (Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ìjà tó wà nínú ìyẹn, ìjà ọkùnrin kan àti obìnrin mẹ́ta ni, òun náà sì le.)

Ìjà tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti ìbọn. Ti ẹnu ni. Òrè tí à ń wí yìí ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, oríta gidi sì ni: ọ̀nà tí ó ti Ṣágámù lọ sí Benin gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀kan yà sí Oǹdó, ọ̀kan yà sí Òkìtìpupa. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn a máa dúró níbẹ̀ kí èrò lè jẹun. Kí ọkọ̀ tó dúró tán, àwọn ọlọ́jà ti yí i ká. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ wọn yóò rí i pé oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan wà tí igbe wọn lè jí òkú. Àwọn kan sì wà tí wọn kì í pariwo rárá, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré tí wọ́n bá sọ sí ojú fèrèsé, èrò á bú sẹ́rìn-ín, á sì kiwọ́ bọ àpò. Nínú kíláàsì wa, ìpolówó ọjà ni à ń pè é, a sì ń dáhùn ìbéèrè lé e lórí nínú ìdánwò. Ní Òrè, oúnjẹ òòjọ́ ni.

Oríṣi méjì yẹn náà ni ó pàdé lórí pèpéle nígbà tí mẹ́ta nínú wa lọ ṣe adájọ́ ìdíje ráàpù àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ ní ìsinmi tó kọjá. Ó wá ku àwọn méjì. Èkíní, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkurọ̀sọ, àmọ́ kò sí ìlà kan tí kò ní ìtumọ̀ méjì; orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń jà gan-an ni ó tú palẹ̀, tí ó sì tún un tò di èébú. Èkejì kò ráyè ìyẹn. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó gbé imú rẹ̀ sí imú ẹnìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe. Gbogbo pápá dìde dúró. Nígbà tí a ka máàkì, ẹni àkọ́kọ́ borí, adájọ́ méjì sí ẹyọ kan. Ariwo tí wọ́n fi pè wá lólè kò kéré. Nígbà tó yá, èyí tí kò borí wá bá wa níbi tí a jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mi ò bínú o. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀ ló mọ̀ ọ́n sọ? Àbí torí pé Yorùbá lẹ̀ ń kọ́ ni?"

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi ẹ̀rín gbé e sọnù. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì nìkan la fi ń dájọ́ fún àwọn ọmọ tí kò bá wa jókòó ní kíláàsì, ẹ̀tàn ni. Nítorí náà a padà lọ wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń ṣe é: nígbà tí ẹnu bá pàdé ẹnu nílẹ̀ Yorùbá, ta ni ń dájọ́, kí sì ni wọ́n ń wò?

Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni a kọ́kọ́ yà sí. Adébóyè Babalọlá, ẹni tí ó kọ The Content and Form of Yoruba Ijala tí Oxford tẹ̀ jáde ní 1966, ṣe àlàyé tí gbogbo ẹni tó bá ti ṣe ọdún kejì lọ́dọ̀ọ wa ti kà (tàbí tí ó yẹ kí ó ti kà). Bí àwọn onísun ìjálá bá péjọ níbi ayẹyẹ, wọ́n a máa gbà á fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó jókòó kì í kàn ṣe olùgbọ́. Etí wọn ṣí sílẹ̀ láti mú àṣìṣe. Bí ẹni tó ń sun ìjálá bá gbé oríkì ìran kan fún ìran mìíràn, tàbí tí ó sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ẹranko tàbí igi kan, ọ̀kan nínú wọn yóò já lu ohùn rẹ̀, yóò sì fi ìjálá kan náà tọ́ ọ sọ́nà lójú gbogbo ayé. Ẹni tí wọ́n tọ́ sọ́nà kì í sábà gbà. Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun, tàbí kí ó ní kí kálukú jẹ́ kí ọmọnìkejì rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ìgbà mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu nínú èyí ni pé, kì í ṣe àrà ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kì í sì í ṣe igbe. Òtítọ́ ni. Ṣé oríkì àwọn Olówu ni o kì àbí o ti kó ti àwọn Oníkòyí mọ́ ọn? Ẹni tó bá pa irọ́, kò sí bí ohùn rẹ̀ ṣe lè dùn tó tí wọ́n ṣe máa gbé iyì fún un. Lẹ́yìn òtítọ́ ni ohùn kàn. Ohùn ìjálá sì kì í ṣe ohùn jẹ́jẹ́ o. Ọ̀fun tó là gaara ni wọ́n fi ń sun ún, nítorí Ògún kì í ṣe òrìṣà ìsọ̀rọ̀kẹ́lẹ́. Ẹni tí kò bá ní ohùn, bí ó bá mọ gbogbo oríkì ayé yìí, olùkọ́ ni yóò jẹ́, kò lè di aláré tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Nítorí náà ọmọ tó bi wá ní ìbéèrè ní ẹ̀rí tirẹ̀ níbí. Àwọn baba wa kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó rọra sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí èdè wa fúnra rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ pariwo. Ẹ wo gbólóhùn yìí tí a jókòó ṣe fúnra wa: "Ọkọ mi wọ ọkọ̀ lọ ra ọkọ́, ọ̀kọ̀ ló gbé bọ̀." Lẹ́tà kan náà ni lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohùn àárín méjì sọ ọ́ di olówó orí. Àárín àti ìsàlẹ̀ sọ ọ́ di ohun ìrìnnà. Àárín àti òkè sọ ọ́ di irin iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìsàlẹ̀ méjì sọ ọ́ di ohun ìjà. Gbogbo ohun tó mú gbólóhùn náà pani lẹ́rìn-ín wà nínú ohùn, kò sí nínú lẹ́tà. Bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá wá ń han láìsinmi lórí bíìtì tó ń sáré, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa gòkè lọ bá ti àárín, àlàfo tó wà láàárín wọn á fún, olùgbọ́ á sì gbọ́ "ọkọ ọkọ ọkọ ọkọ" bí adìyẹ tí ń ké. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ráàpù lè han títí kí ìlà rẹ̀ má sọnù, torí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì ló gbé ìtumọ̀ rẹ̀ dání. Yorùbá kò fún wa ní ààyè yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jágbe, kó jágbe, ṣùgbọ́n kí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì dúró ní ipò wọn lókè níbẹ̀. Ó ṣe é ṣe. Àwọn tó ṣe é rí wà.

Àpẹẹrẹ tó dára jù ni àwọn àgbà àpàlà. Haruna Ìṣọ̀lá, tí wọ́n bí ní 1919 tí ó sì kú ní 1983, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, a máa jókòó kọrin ni. Kì í fò, kì í janpata. Ohùn rẹ̀ á máa lọ bí omi odò tó mọ ibi tó ń lọ, òwe lórí òwe, ọfọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, débi pé àwọn ènìyàn gbà gbọ́ pé bí ó bá gbé ẹnìkan ṣépè nínú àwo, èpè náà lè jà. Tí ó bá bú ọ, ó lè pẹ́ kí o tó mọ̀. Ní ọdún 1971 tí ó kọ Òròkí Social Club fún ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, kò sí ibi tí wọn kò ti lu àwo náà. Kò pariwo kankan nínú rẹ̀.

Àyìnlá Ọmọwúrà wá láti Ìtòkò ní Abẹ́òkúta, ó gbé gbogbo rẹ̀ yí padà. Ìlù Adéwọlé Oníluọlá lẹ́yìn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó. Ohùn rẹ̀ le, ó ní igi nínú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń bọ̀ bí ẹni ń sọ òkò. Òun àti Fatai Olówónyọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta bákan náà, ta ọ̀rọ̀ sí ara wọn nínú àwo fún ọdún bíi mélòó kan. Bí èyí bá ṣe àwo, ìyẹn á lọ fi tirẹ̀ fèsì. Ẹ kíyè sí i pé ìjà wọn kì í yára. Ẹni tí wọ́n bú lónìí á lọ sílé, á ronú, á pe onílù rẹ̀, á lọ sí ilé iṣẹ́ àwo, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ kí èsì tó dé ọjà. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí àrà wà nínú ìbínú wọn. Bí Àyìnlá ṣe ń han tó, bí ó ṣe ń fi orúkọ àti àbùdá ènìyàn ṣeré tó, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Yorùbá kò dàrú lẹ́nu rẹ̀. Ìlù Adéwọlé gan-an kò ní jẹ́ kó dàrú, torí ohun tó bá sọ ni ìlù ń sọ tẹ̀lé e. Bí a bá fi ohun tí a kọ nípa ọkọ àti ọkọ́ lókè wọ̀n ọ́n, àwa kò tíì gbọ́ ẹni tó jágbe ní Yorùbá tó já gaara bíi tirẹ̀.

Ta wá ni adájọ́ wọn? Ẹni tó ní owó àwo lọ́wọ́ ni. Kò sí tábìlì, kò sí ife. Ìsọ̀ àwo, ilé ọtí, ọkọ̀ akérò, ibi ìgbéyàwó: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ náà lójoojúmọ́, wọn kò sì tíì dá a tán títí di òní. Bí ẹ bá fẹ́ ìjà, ẹ lọ sí Abẹ́òkúta kí ẹ sọ pé Olówónyọ̀ ni ó borí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò dá nípa Àyìnlá. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti ẹni tí ó ti jẹ́ máníjà rẹ̀ rí, ní ilé ọtí kan ní Abẹ́òkúta, lórí ọ̀rọ̀ alùpùpù. Wọ́n fi ife ọtí lù ú lórí, ó sì gba ibẹ̀ kú. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé orin èébú ni ó pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe olórin ni ó bá jà, kì í sì í ṣe orin ni wọ́n ń jà lé lórí. Àwo tí ó fi ń bá Olówónyọ̀ jà kò dá egbò sí ẹnikẹ́ni lára. Ìjà tí kò ní orin nínú ni ó pa á. Fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 2021, Ayinla, àti ìwé tí Festus Adédayọ̀ kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i.

Bí ó bá jẹ́ ìdíje tó ní ife àti adájọ́ gan-an ni ẹ ń wá, ẹ lọ wo wéré. Ní àsìkò ààwẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ á máa yí àdúgbò ká lóru, wọ́n á máa fi ìlù àti orin jí àwọn Mùsùlùmí dìde kí wọ́n lè jẹ sààrì. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ àdúgbò kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹgbẹ́ àdúgbò mìíràn níjà. Ó di ìdíje, wọ́n ń fún ẹni tó bá borí ní ẹ̀bùn. Inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní 1948, ti gbọ́n orin láti kékeré, inú rẹ̀ sì ni fújì ti jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìdíje ráàpù jẹ́ nǹkan òyìnbó tí wọ́n gbé wá bá wa, ẹ bi í pé kí ni àwọn baba fújì ń ṣe ní àdúgbò wọn ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Barrister àti Kollington Àyìnlá, àwọn méjèèjì ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, àwọn méjèèjì sì pín ilé Yorùbá sí méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 síwájú. Ní tiwa, àwọn ni ìdáhùn tó súnmọ́ ìbéèrè ọmọ Òrè jù. Barrister ń tò ó ni: ohùn dídùn, àlàyé gígùn, ọ̀rọ̀ tí ó ń yí ká kí ó tó balẹ̀ sí ọ lórí. Kollington gbé bàtá wọ fújì, ohùn rẹ̀ ní agídí nínú, ó sì ń sọ ọ́ sí ọ lójú. Bàbá ọ̀kan nínú wa fẹ́ràn Kollington, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní fún ọdún kan gbáko wọn kò jọ lo ẹ̀rọ ìgbórin kan náà nínú ilé. Àwọn olórin náà parí ìjà tiwọn kí Barrister tó kú sí London ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2010. Àwọn ẹ̀gbọ́n méjì yẹn ṣì ń jiyàn.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn Lárúbáwá ní Jarir àti al-Farazdaq, akéwì méjì tí wọ́n fi ewì bú ara wọn fún ogójì ọdún ní Basra, tí àwọn ènìyàn sì ń lọ gbọ́ wọn ní ọjà. Nítòsí wa níbí, àwọn Ewe Anlo ní ìhà ìlà-oòrùn Gánà àti ní Togo ní halo. Àdúgbò kan ni yóò dojú kọ àdúgbò kejì. Wọ́n á fara pamọ́ ṣe orin, wọ́n á tú ìtàn ìdílé ara wọn jọ, ta ni baba rẹ̀ jalè, ta ni wọ́n rà lẹ́rú, ta ni imú rẹ̀ tóbi. Wọ́n á sì gbé e jáde pẹ̀lú ìlù àti ère ẹlẹ́yà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í kàn bú ènìyàn. Wọ́n ń fi àfiwé àti àsọdùn kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́lé. Síbẹ̀, ó ń di ìjà gidi ní ìgbà mìíràn, ìjọba Gánà sì fi òfin dè é ní 1960. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé nígbà tí òfin dé, kò yọ ọlọ́gbọ́n sílẹ̀. Àrà ọ̀rọ̀ àti ìjágbe, àpò kan náà ni wọ́n kó wọn sí. Bí àwọn olóògùn àti àwọn ọlọ́pàá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìdíje ráàpù dúró ní Òrè nítorí pé wọ́n ya ẹ̀wù mọ́ ara wọn lọ́rùn, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà kò ní rí ibi sọ ìlà olójú-méjì rẹ̀.

Ráàpù fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ kan tí àwọn àgbà rẹ̀ kò lè gbàgbé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1981, ní ilé ijó Harlem World ní New York, Busy Bee wà lórí pèpéle. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú èrò dìde: á pariwo, wọ́n á pariwo padà, á kọ ìlà kan, wọ́n á gbè é. Kò sí ẹni tó lè bá a dù ú nídìí ìyẹn. Kool Moe Dee gun orí pèpéle lẹ́yìn rẹ̀, kò bẹ èrò pé kí wọ́n gbè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú Busy Bee palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe ń yá ìlà ẹlòmíràn lò, bí ó ṣe jẹ́ pé ariwo nìkan ni ó mọ̀. Wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì sì tàn káàkiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìwọ̀n yí padà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi olóràápù pé, "Kí lo sọ?" dípò "Báwo ni èrò ṣe hó tó?" Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́: Kool Moe Dee kò rọra sọ̀rọ̀ o. Ìbínú wà nínú ohùn rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ìbínú náà ní ohun tó gbé dání.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, DaGrin ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ ọjọ́ orí wa gbà pé a lè fi Yorùbá ìgboro ṣe tàkasúfèé kí gbogbo Nàìjíríà dákẹ́ gbọ́. Lord of Ajasa ti la ọ̀nà náà ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n C.E.O. tí DaGrin gbé jáde ní 2009 ni ó fọ́ ìlẹ̀kùn. Kò pé ọdún kan tí ó fi kú, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2010, lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ le bí ti Àyìnlá, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ebi ń pa, ẹ sì lè gbọ́ gbogbo àmì ohùn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣì ń fi ojú kékeré wo àwọn tó ń fi èdè ilé kọrin. Ìyẹn ni Reminisce, Olamide àti Phyno ṣe gbé Local Rappers jáde ní 2015, tí ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára láàárín àwọn olólùfẹ́ ráàpù Gẹ̀ẹ́sì àti ti èdè ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn ní ọdún náà kò bìkítà ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nínú orin. Èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ ni wọ́n ń dájọ́ fún.

Níbo ni èyí wá fi wá sí? Àwa kò gbà pé a ṣèdájọ́ òdì ní Òrè. Èyí tí kò borí jágbe dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí ó tún ìlà mẹ́rin sọ láìsí bíìtì, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ìlà tí ènìyàn lè sọ sí ẹnikẹ́ni: ìwọ kò tó mi, màá lù ọ́, ìyá rẹ. Kò sí ohun kan nínú wọn tó jẹ́ ti ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀. Onísun ìjálá á ti já lu ohùn rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀kan tó kù, lórí bí ẹnìkejì ṣe máa ń dúró bí ẹni tí ń retí ọkọ̀ Benin ní oríta, ìlà gidi ni, a sì fún un ní máàkì tó pé lórí rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, òun ni à bá gbé ife fún, igbe àti gbogbo rẹ̀. Adájọ́ tó dá ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa kò gbà síbẹ̀. Ó ní ìdíje kì í ṣe ìwé. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ kúrò lára bíìtì àti ara àti èrò, a ti pa á kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ ni ó sọ, a kò sì rí èsì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn fún un.

Ohun tí gbogbo wa jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí kò sí nínú ìbéèrè ọmọ náà rárá. Nínú àwa mẹ́ta tó jókòó, Ìbàdàn ni ẹnìkan ti wá, Ọ̀yọ́ ni ẹnìkan, Ìjẹ̀bú ni ẹnìkẹta. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sọ ìlà bíi márùn-ún ní ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀. Apá òsì pápá, níbi tí àwọn ará Òkìtìpupa dúró sí, fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wó lẹ́rìn-ín. Àwa ń wo ara wa lójú. Irú nǹkan kan náà ni ó máa ń ṣe wá bí a bá gbé àwo Comfort Omoge àti ẹgbẹ́ Àsìkò Ìkálẹ̀ rẹ̀ sí i: a mọ̀ pé nǹkan ń lọ, ó kàn ń gba orí wa kọjá ni. Adájọ́ tí kò gbọ́ èdè àwàdà kò lè fún un ní máàkì, ohun tó sì máa ṣẹ́kù fún un láti wọ̀n ni igbe. A ti sọ fún àwọn tó ń ṣètò ti Odìgbó pé ọmọ Ìkálẹ̀ kan àti ọmọ Oǹdó kan gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kí ẹnìkan nínú wa sì yẹra fún wọn. A kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò jẹ́.